Ta Ni Èrò Inú Ọkọ̀ Náà?

Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, kò sí òfin tó ní kí èèyàn má fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ abẹ́ omi. Ẹni tó bá wù á ra irin, á wá wẹ́dà tàbí kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin fúnra rẹ̀, á ra bátìrì àti mọ́tò kékeré irú èyí tí àwọn apẹja ń lò, á sì máa kàn án lẹ́yìnkùlé fún ọdún mélòó kan, títí ìyàwó rẹ̀ á fi béèrè pé ta lòun fẹ́ gan-an, ọkùnrin ni tàbí irin. Lọ́jọ́ tó bá parí, tó gbé e dé etí adágún, tó wọlé, tó sì pa ìdérí dé mọ́ orí ara rẹ̀, ohun tí òfin máa bi í kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó máa bi ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbafẹ́. Nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ ńkọ́? Iná ńkọ́? Ẹ̀wù amúniléfòó ńkọ́? Bóyá ni ẹnikẹ́ni á béèrè bí irin yẹn ṣe nípọn tó.

Mo ti sọ èyí fún ọ̀rẹ́ bíi mélòó kan, ẹnu sì ya gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣebí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí èèyàn kàn fúnra rẹ̀ pàápàá, ìjọba Amẹ́ríkà máa ń wá wò ó kó tó gbéra. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ọkọ̀ òfuurufú lè já lu ilé onílé. Ọkọ̀ abẹ́ omi tó bá bàjẹ́, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń mú lọ. Òfin wo èyí títí, ó ní ẹ̀mí ẹ ni, ṣe é bó ṣe wù ẹ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹnì kejì jókòó tì í, kí owó sì ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ibẹ̀ ni òfin ti ń la ojú. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1993 lórí ààbò ọkọ̀ èrò ojú omi sọ pé ọkọ̀ abẹ́ omi tó bá ti gbé ẹyọ èrò kan tó sanwó ti di ọkọ̀ èrò, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ fi wé ọkọ̀ kékeré orí omi tó lè gbé èrò mẹ́fà láìgba irú ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Lórí omi, mẹ́fà. Lábẹ́ omi, ẹyọ kan. Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tí omi lè ṣe.

Látìgbà tí mo ti ń ka nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibi kan náà lọkàn mi máa ń padà sí. Gbogbo òfin ọkọ̀ abẹ́ omi aládàáni, bó ti wù kó gùn tó, orí ìbéèrè kan ló dúró lé: ta ni èrò? Ẹni tó bá rí ọgbọ́n dá sí ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ òfin nìyẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá ti fi mítà 10 wọ inú omi, ìwúwo tó máa gùn ún lórí á fi ìwọ̀n gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa lé sí i. Mítà 10 míì, ìwọ̀n kan sí i. Ní mítà 100, tí kò jìn rárá lójú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, omi á máa fi ohun tó tó tọ́ọ̀nù méje ti fèrèsé róbótó kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Fèrèsé kan péré nìyẹn o. Ní nǹkan bí mítà 3,800, níbi tí àwókù ọkọ̀ Titanic wà, ẹ sọ iye yẹn di ọ̀nà 38.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kí omi fún ọkọ̀ pa nìkan ló ń pa àwọn èèyàn. Lóṣù kẹfà ọdún 1973, ọkọ̀ ìwádìí kan tó ń jẹ́ Johnson Sea Link há sára àwókù ọkọ̀ ogun kan ní etíkun Florida. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ara ọkọ̀ náà kò sán, omi kò wọlé. Òtútù ló mú yàrá ẹ̀yìn, tí oògùn tó ń fa èémí búburú kúrò nínú afẹ́fẹ́ kò fi ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn méjì tó wà níbẹ̀ sì kú sínú èémí ara wọn. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Pisces III rì sí ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Ireland, ní nǹkan bíi mítà 480, pẹ̀lú ọkùnrin méjì nínú rẹ̀, Roger Mallinson àti Roger Chapman. Wákàtí 76 ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi fà wọ́n jáde, ọ́síjìn tó kù fún wọn kò ju ti ìṣẹ́jú 12 lọ. Nínú ọkọ̀ méjèèjì, ibi tí àwọn èèyàn jókòó sí kò fọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé irin òun nípọn, ìdáhùn ìbéèrè kan péré ló fún yín.

Àwọn tó ń kan ọkọ̀ yìí fúnra wọn mọ èyí dáadáa, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn ju bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń ṣe lọ. Wọn kì í ṣe wèrè. George Kittredge, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, ta ìwé àwòrán ọkọ̀ kékeré tó pè ní K-350 fún àwọn tó fẹ́ kàn án. 350 yẹn ni iye ẹsẹ̀ bàtà tí ọkọ̀ náà lè lọ sísàlẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà 107. Irin lásán ni wọ́n fi ṣe é, ní ìrísí tí àwọn ẹnjiníà ti ń ṣírò láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń kọ́kọ́ so ọkọ̀ mọ́ okùn, wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lófìfo, kọjá ibi tí àwọn fúnra wọn fẹ́ dé. Bó bá padà wá láìsí ìbàjẹ́, ó kù sọ́wọ́ wọn. Kò sí ìjọba tó pàṣẹ ẹ̀. Ẹ̀rù tó bójú mu ló ń mú wọn ṣe é, ẹ̀rù yẹn sì wúlò ju òfin tí kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé lọ.

Ohun tí ẹ̀rù kò lè fún èèyàn ni ojú ẹlòmíràn. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́ta jó irin kan pọ̀ kò lè rí ibi tí kò jó dáadáa mọ́. Ohun tó fẹ́ kó wà níbẹ̀ ló ń rí. Iṣẹ́ ojú kejì yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ayẹkọ̀wò ń ṣe. Wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀: Lloyd's Register ti wà láti 1760, Bureau Veritas láti 1828, ABS ti Amẹ́ríkà láti 1862, DNV ti Norway láti 1864. Owó ló bí wọn, kì í ṣe àánú. Àwọn tó ń ṣe inṣọ́ránsì ọkọ̀ fẹ́ mọ èyí tó ṣeé fowó lé àti èyí tó máa tó rì. Mo kì í kà á sí àbùkù fún wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú ewu máa ń lajú dáadáa.

Iṣẹ́ wọn kò dùn ún wò, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kì í fi í sọ ìtàn rẹ̀. Orí ìwé àwòrán ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gé irin kan. Wọ́n á béèrè ìwé irin náà: ilé-iṣẹ́ wo ló yọ́ ọ, kí ló wà nínú rẹ̀, báwo ló ṣe ṣe nígbà tí wọ́n fà á títí tó fi já. Wọ́n á wo bóyá wẹ́dà tó jó o ti yege nínú ìdánwò irú iṣẹ́ yẹn gan-an. Wọ́n á fi ẹ̀rọ wo inú ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Wọ́n á wọn bó ṣe róbótó tó, nítorí pé ọkọ̀ tó bá fi díẹ̀ wọ́ lè pàdánù agbára tó pọ̀ gan-an, ojú lásán kò sì ní rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò nínú òkun: ṣé òkúta irin tó ń mú ọkọ̀ wúwo á já bọ́ bí iná bá kú pátápátá? Afẹ́fẹ́ tó wà nípamọ́ ńkọ́, ṣé ó tó èèyàn lò fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn àkókò tó yẹ kí wọ́n ti jáde? Bí gbogbo rẹ̀ bá yege, wọ́n á fún un níwèé. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún padà wá.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ike acrylic tó nípọn ni wọ́n fi ń ṣe é, ìlànà tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé ni PVHO-1, tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ ASME kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1977. Lábẹ́ ìlànà yẹn, fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìbí tirẹ̀: ìgbà tí wọ́n dà á, ẹni tó gé e, bí omi ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tó, bí ooru ibẹ̀ ṣe lè pọ̀ tó. Ó ní ọjọ́ orí pẹ̀lú. Ọdún 10 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Bó ti wù kó mọ́ gaara, bí kò tiẹ̀ ní ìlà kan lára, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, wọ́n á yọ ọ́, àyàfi bí àyẹ̀wò pàtàkì mìíràn bá fi àkókò kún un. Èmi ò mọ ọ̀pọ̀ nǹkan láyé yìí tí a máa ń yọ nígbà tó ṣì ń dán.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, òfin kọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń lọ gbà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ abẹ́ omi fún àwọn olówó, bíi Triton ní Amẹ́ríkà àti U-Boat Worx ní Netherlands, máa ń gbà á, nítorí pé ẹni tó fẹ́ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ rẹ̀ á bá oní-inṣọ́ránsì pàdé. Ní ti òfin àgbáyé, àdéhùn SOLAS tó ń dáàbò bo ẹ̀mí lójú òkun yọ àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí kò ṣòwò sílẹ̀. Àjọ IMO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé, gbé ìtọ́sọ́nà kan jáde lọ́dún 2001 lórí ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń gbé èrò, ìtọ́sọ́nà náà dára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni. Àdéhùn òfin òkun ti 1982 tilẹ̀ sọ nípa ọkọ̀ abẹ́ omi: ní abala 20, ó ní bó bá wọ inú omi orílẹ̀-èdè mìíràn, tó jẹ́ máìlì òkun 12 láti etíkun, kó jáde sójú omi kó sì fi àsíá rẹ̀ hàn. Ẹ̀rù amí àti ogun ló wà nídìí ìyẹn. Ẹ̀rù oògùn olóró ló wà nídìí òmíràn, òfin Amẹ́ríkà ti 2008 tó lè rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 15 bó bá ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi tí kò ní orílẹ̀-èdè lórí òkun pẹ̀lú èrò àtifara pamọ́. Ẹ ò rí i pé àwọn orílẹ̀-èdè ti ronú jinlẹ̀ lórí ohun tí ọkọ̀ náà lè ṣe fún wọn. Ohun tó lè ṣe fún ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìmọ̀ràn.

Inú àlàfo yìí ni Titan, ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń gbé èèyàn lọ wo àwókù Titanic, ti kọjá. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ OceanGate tó ṣe é, Stockton Rush, fi carbon fibre, ìyẹn fọ́nrán èédú tí wọ́n fi àtè lẹ̀ pọ̀, ṣe ara ọkọ̀ náà, ó fi irin titanium bo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ayẹkọ̀wò kankan. Lọ́dún 2018, David Lochridge tó ń bójú tó ìrìnnà wọn kọ ìwé pé ọkọ̀ náà kò tíì yẹ. Wọ́n lé e kúrò níṣẹ́. Lọ́dún kan náà, Will Kohnen àti ọ̀pọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí kọ lẹ́tà pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lè yọrí sí jàǹbá ńlá. Ìdáhùn ilé-iṣẹ́ náà, tí wọ́n gbé síta lọ́dún 2019, ni pé àṣìṣe awakọ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ jàǹbá, kì í ṣe ẹ̀rọ, àti pé àyẹ̀wò máa ń fa ọwọ́ ọgbọ́n tuntun sẹ́yìn.

Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀sín, torí ìdajì rẹ̀ jóòótọ́. Àwọn tó kú nínú Johnson Sea Link, kì í ṣe irin ló já wọn kulẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe awakọ̀ bá pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ, ṣé kì í ṣe torí pé àwọn kan ti ń yẹ ẹ̀rọ wò láti ọjọ́ yìí wá ni? Ní ti ọgbọ́n tuntun, lọ́dún 2019 yẹn gan-an ni Victor Vescovo wọ ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀, Limiting Factor, lọ sí Challenger Deep, ibi tó jìn jù nínú gbogbo òkun, ó lé ní mítà 10,900. Kò sí ẹni tó tíì ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tó lè lọ kó sì tún lọ léraléra. DNV GL, orúkọ tí DNV ń jẹ́ nígbà yẹn, yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì fún un níwèé. Ó ná wọn lówó, ó gba àkókò, ó sì ṣeé ṣe.

Ibi tí ọgbọ́n OceanGate wà gan-an ni ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lókè. Ẹni tó san 250,000 dọ́là kò jẹ́ èrò lẹ́nu wọn. “Mission specialist” ni wọ́n ń pè é, akọṣẹ́ ìrìn-àjò, bí ẹni pé òun náà wá ṣiṣẹ́ ni. Ọkọ̀ ilẹ̀ Kánádà, Polar Prince, ló fà wọ́n lọ, ibi tí wọ́n ti rì sì wà nínú òkun tí kò sí lábẹ́ orílẹ̀-èdè kankan. Titan fúnra rẹ̀ kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2023, ó fọ́ yángá pẹ̀lú èèyàn márùn-ún: Rush fúnra rẹ̀, Hamish Harding, Paul-Henri Nargeolet tó ti mọ Titanic bí ẹni mọ yàrá rẹ̀, Shahzada Dawood àti ọmọ rẹ̀ Suleman, ọmọ ọdún 19.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó wọlé. Ìwé náà sọ̀rọ̀ ikú, ó sì sọ pé kò sí àjọ kankan tó fọwọ́ sí ọkọ̀ yìí. Àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Èmi ò gbà. Kí èèyàn mọ̀ pé òun lè kú yàtọ̀ sí kó mọ bí ikú ṣe sún mọ́ òun tó. Lóṣù keje ọdún 2022, ariwo ńlá kan dún lára Titan bó ṣe ń bọ̀ wá sókè, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ara ọkọ̀ sì fi hàn lẹ́yìn náà pé nǹkan ti yí padà. Ẹnjiníà tó rí ìlà tí ẹ̀rọ yẹn fà lórí bébà lè pinnu. Ọmọ ọdún 19 tó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ kò lè pinnu. Lójú tèmi, ibi tó yẹ kí òfin fa ìlà sí nìyí: ẹni tí kò lè yẹ ọkọ̀ wò fúnra rẹ̀ ni èrò, yálà ó sanwó, yálà wọ́n fún un lẹ́wù òṣìṣẹ́ wọ̀. Ọ̀rẹ́ tó kàn bá ẹni tó ni ọkọ̀ dá owó bátìrì náà wà lára wọn.

Ẹni kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn lórí ìdáhùn tèmi yìí. Karl Stanley fọwọ́ ara rẹ̀ kan Idabel, kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ayẹkọ̀wò kankan, ó sì ti fi ń gbé àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò sí erékùṣù Roatán ní Honduras lọ sí nǹkan bíi mítà 600 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun yìí kan náà ló wọ Titan ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ní Bahamas, tó gbọ́ bí ara ọkọ̀ náà ṣe ń dún pàràpàrà, tó sì kọ̀wé sí Rush pé kó dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò níwèé ló kìlọ̀ fún ẹni tí kò níwèé. Ìmọ̀ àti àkíyèsí wà lórí rẹ̀ ju ìwé lọ. Àmọ́ òfin kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí gbogbo ayé jẹ́ Karl Stanley. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ibi jíjìn nìkan ni ewu wà. Lóṣù kẹta ọdún 2025, ọkọ̀ abẹ́ omi Sindbad tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní Hurghada ní Íjíbítì rì nítòsí etíkun, ará Rọ́ṣíà mẹ́fà sì kú.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó wọ ọkọ̀ tirẹ̀ ní òun nìkan ṣì kù. Mo ní òfin sọ pé ẹ̀mí ẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pisces III rì, ọkọ̀ abẹ́ omi mìíràn tí èèyàn wà nínú wọn ló lọ so okùn mọ́ ọn. Nígbà tí Titan sọnù, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Faransé kó ọkọ̀ àti ẹ̀rọ jáde. Lójú òkun, ẹni tó bá gbọ́ pé ẹnì kan wà nínú ewu gbọ́dọ̀ lọ, òfin ni. Nítorí náà ẹni tó dá wọ inú omi ti fa ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ láìbi í. Mi ò ní tìtorí èyí sọ pé kí gbogbo ẹni tó ń kan ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé lọ gbàwé DNV. Owó rẹ̀ á pa iṣẹ́ náà run, a ó sì pàdánù àwọn tó ń fi sùúrù kọ́ ọ. Kó forúkọ sílẹ̀, kó sọ ibi tó ń lọ, kí ọkọ̀ kan dúró lókè tó lè gbọ́ ọ. Ìyẹn tó.

Ìròyìn àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun Amẹ́ríkà lórí Titan jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2025, ó sì sọ gbangba pé wọn ì bá ti dènà ikú náà. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí òfin abẹ́lé àti ti àgbáyé le sí i lórí ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń ṣòwò, kí wọ́n dín bí wọ́n ṣe ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọkọ̀ ìwádìí òkun kù, kí wọ́n sì túbọ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó bá sọ̀rọ̀ jáde. Lórí òkun tí kò sí lábẹ́ orílẹ̀-èdè kankan, àfi kí àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan, ìyẹn kì í sì í yá.

Títí dìgbà yẹn, bí ẹnì kan bá ní kí n wá bá òun wọ ọkọ̀ òun, màá ní kó fi déètì ara fèrèsé hàn mí. Màá béèrè ẹni tó fi omi tẹ ọkọ̀ náà wò, àti bó ṣe máa gòkè bí iná bá kú. Màá béèrè ẹni tó dúró lókè. Bó bá níwèé, màá kà á. Bí kò bá ní, tó sì tẹ́ àwòrán àti èsì ìdánwò sílẹ̀ níwájú mi, a ṣì lè jọ sọ̀rọ̀, màá wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Bó bá jẹ́ bébà tí mo máa fọwọ́ sí ló kọ́kọ́ nà sí mi, màá bá ẹni òkè yẹn jókòó.